Àlébù Mọ́kànlá Tí Kà-Á-Tán Kà Nínú Gbọ̀ngàn

Kà-Á-Tán kì í kọ́ ilé tuntun. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n ilé tó ti sán ni tirẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe iṣẹ́ yìí ní àdúgbò kan ṣoṣo, ilé tí kò tíì gbé àkàbà tì níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí wọ́n bá pè é pé ògiri sán, kò ní mú sìmẹ́ǹtì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀kì ló máa mú, àti okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí. Á yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì, á wá wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti sán, á kọ nọ́ńbà sí i. Tó bá parí, á ní kí onílé dúró níwájú òun, á ka àlébù ilé náà fún un láti orí èkíní títí dé òpin. Kò ní dín in kù, kò ní fi oyin sí i. Onílé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá kà á tán, á ṣí fìlà, á jókòó sórí ohunkóhun tó bá rí, á wá sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Ó máa dúró," tàbí "Ẹ wó o." Láti ìgbà tó ti ń ṣe é, ẹni mẹ́rin péré ló sọ fún pé kó wó ilé rẹ̀. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wó o.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Kà-Á-Tán nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé kì í ṣe ilé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun, ó kọ́kọ́ ka gbogbo àlébù ara rẹ̀ fún bàbá òun. Ó ka ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ka ilé tí kò ní, ó ka ìbínú ìyá rẹ̀. Bàbá òun ti ń wá bàtà láti dìde kó tó wá sọ pé, "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ yín sílẹ̀."

"Díẹ̀ ló kù," obìnrin náà á wí, "kí n fẹ́ káfíńtà."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ ọkùnrin kan tó wá láti apá kejì.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé apá kejì yìí. Kí wọ́n tó bí Kà-Á-Tán ni ilẹ̀ méjì ti para pọ̀ lábẹ́ ìjọba kan. Ìparapọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ tiwọn ló kéré. Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìjọba kéde pé kí àwọn ará ilẹ̀ kékeré dìbò: ṣé kí wọ́n dúró nínú Ìparapọ̀ ni, àbí kí wọ́n yọ ara wọn lọ? Ìwé ìkéde náà sọ pé bí wọ́n bá yọ ara wọn, oṣù mẹ́fà ni ẹnikẹ́ni tó bá wá láti apá kejì máa fi kó ẹrù rẹ̀.

Fíríìjì ni àna Kà-Á-Tán ń tún ṣe. Iléeṣẹ́ yìnyín ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́, ó wá kúrò níbẹ̀, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá ní àdúgbò. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ yìí kì í jẹun òwúrọ̀ nílé wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń yà kó tó lọ síléèwé, torí ó ní búrẹ́dì ibẹ̀ dùn ju tàwọn lọ. Iléeṣẹ́ kan náà ló ń ṣe búrẹ́dì méjèèjì.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n dìbò, ọmọ Kà-Á-Tán wá bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń jọ yanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ooo. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Bàbá, ìpàdé kan máa wáyé ní gbọ̀ngàn iléèwé lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn Ká-Lọ máa sọ̀rọ̀, àwọn Ká-Dúró máa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa sọ tiwa."

"Èmi? Ìwé mélòó ni mo kà?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé ti sú àwọn èèyàn. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní torí ọkọ mi ni. Ẹ̀yin lẹ tún ilé wọn ṣe. Bí ẹ bá ní nǹkan máa dúró, wọ́n mọ̀ pé ó máa dúró."

Ó ń jọ yanrìn lọ. Ó bi í pé, "Bí wọ́n bá yọ ńkọ́?"

"Ọkọ mi máa lọ. Mi ò lè jẹ́ kó dá lọ. Ọmọ ò sì lè pín sí méjì."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá náà ní òun gbọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ ń lọ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Bàbá ọmọ mi. Lọ́la, ìparí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló ń fi ìparí bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n máa wá bàtà kí òun tó sọ̀rọ̀ tán."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ "ó máa dúró" kó tó gbọ́ àlébù kò ní gba "ó máa dúró" náà gbọ́. Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fi jẹun láti ọjọ́ yìí wá.

Bẹ́ǹṣì ọmọdé ni wọ́n tò sínú gbọ̀ngàn náà, orúnkún àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Olùkọ́ àgbà jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú agogo kékeré kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí agogo bá dún, ó parí.

Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ládùúgbò, ló sọ̀rọ̀ fún àwọn Ká-Lọ. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ní bí èèyàn méjì bá ń gbé yàrá kan, tí ọ̀kan ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí èkejì ń sùn lórí ẹní, kí ẹni orí ẹní lọ wá yàrá tirẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀dọ̀ rẹ ló sì ti máa ra búlọ́ọ̀kù ẹ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Kà-Á-Tán. Kò mú ìwé. Ó wo àjà gbọ̀ngàn náà díẹ̀, bó ṣe máa ń wo àjà ibikíbi tó bá wọ̀. Ó ní, "Àlébù mọ́kànlá ni mo rí lára Ìparapọ̀ yìí. Èkíní."

Èkíní ni títì tí wọ́n ṣèlérí láti ọdún méjìlá. Ó ní òkúta rẹ̀ ṣì wà lókìtì létí ọ̀nà, igi ti hù láàárín rẹ̀, igi náà sì ga ju òun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó ti lọ wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ilé ẹjọ́ ńlá, tó jẹ́ pé ìkángun apá kejì ló wà, tí ẹni tí wọ́n jà lólè máa rin ọjọ́ méjì kó tó dé iwájú adájọ́. Ẹ̀kẹta ni iná mànàmáná. Lẹ́yìnkùlé ilẹ̀ kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é, bí kò bá sì kárí, ti ilẹ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Níbí ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró kí wọ́n pa á tán, bó ṣe máa ń dúró de onílé tó bá ń wúkọ́. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ṣọ́jà tí wọ́n rán wá lọ́dún ìyanṣẹ́lódì, àti àwọn mẹ́ta tó kú, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́jọ́ lé lórí. Ó dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.

Àwọn Ká-Dúró tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn.

Ó sọ ẹ̀karùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀kẹfà. Bí iṣẹ́ bá ṣí ní iléeṣẹ́ yìnyín, ọmọ apá kejì ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó mú ọmọ ibí. Ojú mi ló ṣe."

Òótọ́ ni. Bí àna rẹ̀ ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ aránṣọ kan tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé Kà-Á-Tán ló tọ́ sí, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú àjèjì. Kà-Á-Tán mọ̀ ọ́n, àna rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, wọn kò sì sọ ọ́ fún ara wọn rí. Àwọn èèyàn ń lu bẹ́ǹṣì. Àna rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká. Nígbà tí Kà-Á-Tán máa fi dé ẹ̀kẹjọ, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo.

Kò yára. Kò yára kà á fún onílé kankan rí. Nígbà tó ka ìkọkànlá tán, ó ṣí fìlà, ó wá ibi tó máa jókòó sí, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Agogo dún.

"Ó máa dúró," ni ó wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lókè níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti rí i pé ó jókòó. Wọ́n rò pé ó parí ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń súfèé.

"Mi ò tíì parí," ó sọ fún olùkọ́ àgbà.

"Bàbá, ìṣẹ́jú yín ti pé."

"Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì."

"Òfin ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Oníbúlọ́ọ̀kù wá, ó gbá a mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mọ́tò àwọn Ká-Lọ ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé ohùn rẹ̀ kiri àdúgbò. Ẹnì kan ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Èkíní dé ìkọkànlá, àtẹ́wọ́ á tẹ̀ lé e, wọ́n á tún padà sí èkíní. Ó gbọ́ ara rẹ̀ níbi tó ti ń bọ́jú. Ó jáde sí títì, ó na ọwọ́, mọ́tò náà dúró. Oníbúlọ́ọ̀kù ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá wa. Ṣé ohùn yín dùn létí yín?"

"Ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí. Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, kó o fi sí i."

"Ẹ̀rọ ti kún, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé irọ́ lò ń pa."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣá ni kò jáde nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Mọ́kànlá yòókù jáde dáadáa." Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mọ́tò náà lọ.

Ọmọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Kò jókòó. Ìyá rẹ̀ fún un ní omi, ó gbé e dání, kò mu ún.

"Bàbá, ẹ̀kẹfà yẹn. Ṣé dandan ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Bí mo bá fò ó, wọ́n á mọ̀ pé mo fò ó, wọn ò sì ní gba ìyókù gbọ́."

"Àlébù ilé lẹ máa ń kà, Bàbá. Ilé ò létí. Ọkọ mi létí."

Ó gbé omi náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé mo sọ fún yín?" Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù. Ó mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀, ìyàwó òun kì í dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ó fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ibi tó ti tún ògiri ṣe rí ló kọ́kọ́ ń yà, torí wọn kò lè lé e níbẹ̀. Ó jókòó kó tó sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ó sì ń fi ìparí bẹ̀rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rí, níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun, èèyàn mẹ́rin ń dúró de ẹni tó wà lórí àga. Ó ní, "Ó máa dúró. Ohun tí mi ò ráyè sọ nìyẹn. Àlébù mọ́kànlá, kò sí ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀. Lọ́dún tí omi gbé ilé wa lọ, ta ló gbà wá? Ogójì ọjọ́ ni mo fi sùn nínú kíláàsì iléèwé kan ní apá kejì, èmi, ìyàwó, ọmọ ọwọ́. Obìnrin kan máa ń gbé omi gbígbóná wá láràárọ̀. Kò béèrè ibi tí mo ti wá. Ilé tó sán, èèyàn lè gbénú rẹ̀ tún un ṣe. Ilé tẹ́ ẹ wó, ìta lẹ máa dúró sí títí ẹ fi máa kọ́ òmíràn. Ta ló sì máa kọ́ ọ? Èmi bíríkìlà, mi ò rí bíríkìlà kan nínú àwọn tó ń pariwo pé ká wó o."

Onígẹ̀rí gbọn aṣọ ọrùn oníbàárà rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin méjì ni mo ti gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan wà nínú mọ́tò, ọ̀kan jókòó síbí. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

"Àwa méjèèjì."

"Ẹ̀yin inú mọ́tò lẹ mọ̀ ọ́n sọ jù." Àwọn tó ń dúró rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin arúgbó kan, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà sùn nínú kíláàsì yẹn. Ó ní àwòrán erin kan wà lára ògiri.

"Ìdí erin yẹn ni mo tẹ́ ẹní sí," ni Kà-Á-Tán wí.

Ní Ọjọ́rú, ó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Obìnrin náà kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀kẹfà tẹ́ ẹ kà yẹn, Bàbá, ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ síta. Mo rò pé wèrè ló ń ṣe mí. Ẹ wá sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, mo sì sunkún. Ẹ wá dé ibí lónìí, ẹ ní kí n má ṣe nǹkan kan sí i."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan. Mo ní ká tún un ṣe."

"Ta ló ti ń tún un ṣe láti ọdún mẹ́wàá?"

Bàbá náà dìde. Ó dúpẹ́, ó jáde. Ó dúró létí títì fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí ilé tó kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀. Ó ti ń sá fún un láti ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fa àga fún un.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni bàbá náà wí.

"Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Kò sí irọ́ kan nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo gbà á. Ebi ń pa mí nígbà yẹn."

"Ohun tó kù tí mi ò ráyè sọ..."

"Ìyàwó mi ti sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Kì í ṣe ẹnu yín ni mò ń wò níbẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ ni mò ń wò. Ọwọ́ àwọn tó ń lu bẹ́ǹṣì. Fíríìjì ẹni mẹ́rin nínú wọn wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn, ọ̀kan nìyẹn. Ọmọ mi wà léjìká mi, ó ń bi mí pé kí ló dé tí inú gbogbo èèyàn ń dùn sí Bàbá àgbà. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un."

"Bí a bá dúró nínú Ìparapọ̀ ńkọ́?"

"A ti rí ilé kan lọ́hùn-ún."

"Mo ní bí àwa Ká-Dúró bá wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó máa lé yín."

"A máa lọ náà ni, Bàbá."

Bàbá náà wo fíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ín. Òun ló tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá bi í pé, "Ẹ ṣì máa jáde lọ́la?"

"Ó ku ilé mọ́kàndínlógún."

"Nítorí kí ni? Wọ́n ní àwọn máa lọ náà ni."

"Mo sọ pé ó máa dúró. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, kí n fi àwọn kan sílẹ̀."

Ó jáde ní Tọ́sìdeè, ó jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wú. Ìyàwó rẹ̀ bá a jáde ní ọjọ́ kejì, ó ń bá a kan ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ máa ṣàlàyé jù, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ní àdúgbò wọn, àwọn Ká-Lọ fi ìbò mọ́kànlélọ́gbọ̀n borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ti gbogbo ilẹ̀ kékeré jọ, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, méjìléláàádọ́ta ló ní kí wọ́n dúró. Ìparapọ̀ kò tú. Ẹnikẹ́ni kò jó ní títì. Àwọn tó wọlé ń tijú àwọn aládùúgbò wọn, àwọn tó pàdánù ń bínú sí wọn. Onígẹ̀rí sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun fi gẹ irun láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, mọ́tò akẹ́rù dúró níwájú ilé ọmọ Kà-Á-Tán. Bẹ́ẹ̀dì kò gba ẹnu ọ̀nà. Kà-Á-Tán ló tú u, tó to igi rẹ̀ sínú mọ́tò kó má baà họ. Oníbúlọ́ọ̀kù kọjá, ó dúró, ó ká apá aṣọ sókè láìsọ nǹkan kan, òun àti àna Kà-Á-Tán sì gbé fíríìjì ńlá láàárín ara wọn.

Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tán, Oníbúlọ́ọ̀kù ní, "Ta ló máa wá tún ti wa ṣe báyìí?"

"Ẹ máa rí ọmọ ibí," ni ọkùnrin náà wí, kò sì fi ohùn líle sọ ọ́.

Oníbúlọ́ọ̀kù wo ilẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ.

Ọmọ Kà-Á-Tán jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé ike omi rẹ̀ dání, ó ń bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun jẹun lọ́dọ̀ ìyá àgbà láàárọ̀. Ìyá àgbà sì ti di búrẹ́dì odidi kan fún un, ó ní kó má jẹ ẹ́ tán kó tó dé ọ̀hún. Ó fà á mọ́ra, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "bọ́ọ̀sì kan máa ń lọ láàárọ̀, aago mẹ́fà. Wákàtí mẹ́rin ni. Wọn ò ní bi yín ní ìwé kankan lọ́nà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa wá?"

"Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

Ó rò ó. "Sátidé. Kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí inú ọkọ mi rọ̀ díẹ̀."

"Èyí tó tẹ̀ lé e nígbà náà."

Ó kúnlẹ̀ fún un. Bàbá náà gbé e dìde. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti ṣáná sí mọ́tò, bàbá náà kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Mọ́tò náà yà ní igun títì, ibi òkìtì òkúta, wọn kò sì rí i mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà. A máa jí láago mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín."

"Mẹ́rin ààbọ̀," ni ó wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé.